Ogójì Ìkọ́ Tó Jọra

                                        Ojúlé Kẹtàlá,
                                        Òpópónà Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, 2018.

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni ilé wà? Ara rẹ ńkọ́? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti ń gbọ́ oògùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbígbẹ̀yìn yẹn tó máa ń sùn sábẹ́ tábìlì? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn, àmọ́ mi ò tètè fèsì nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kò rọrùn láti kọ. Àwa náà wà. Ẹnikẹ́ni kò ṣàìsàn, ebi kò sì pa wá. Ṣùgbọ́n ilé wa dákẹ́ ju bó ti yẹ lọ.

O mọ irú iṣẹ́ tí ọkọ mi ń ṣe: láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, òǹtẹ̀ ló ń tẹ̀ mọ́ ìwé ní iléeṣẹ́ omi. Bó bá dé, tó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó di inú abà onípáànù tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ibẹ̀ ló ti sọ ara rẹ̀ di alágbẹ̀dẹ. Àjákù irin rélùwéè ló ń lu irin lé. Fáànù tó tú lára ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń mú irun gbẹ ló fi ń fẹ́ iná èédú. Sípíríìnì mọ́tò tí àwọn mẹkáníìkì jù nù ni yóò fi rọ ọ̀bẹ, yóò fi rọ ìkọ́ aṣọ, yóò tún fi rọ ewé tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bó bá rọ ìkọ́ méjì, wọn kì í jọra: ọ̀kan á tẹrí ba, èkejì á gbé imú sókè bí ọmọ tí wọ́n fi ẹran dù. Mo máa ń sọ fún un pé owó èédú ju iye tí ìkọ́ tó lọ. Màá ní, "Olówó orí mi, ṣé irin la ó máa jẹ ni?" Á ní, "Bí o bá lè jẹ ẹ́, màá bá ọ wá iyọ̀ sí i." Á wá máa kọrin lọ, òòlù á máa gbè é, èmi á máa gbọ́ ọ láti ìdí iná mi.

Àfi bí obìnrin kan tó ní ilé àlejò ṣe wá kí mi, tó rí ìkọ́ tí mo fi aṣọ kọ́ ní pálọ̀. Ó ní òun fẹ́ ogójì fún àwọn yàrá òun. "Kí wọ́n ṣá jọra o, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò fẹ́ kí àlejò rò pé orí ààtàn ni mo ti ṣà wọ́n." Kí ọkọ mi tó ti ibi iṣẹ́ dé, mo ti gba àsansílẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "O ti gbà á ná?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa."

O mọ̀ mí, n kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú nǹkan. Mo gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà abà, mo jókòó, mo mú téèpù aránṣọ dání. Bí ọ̀kan bá ti tutù, mo wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá fi díẹ̀ gùn ju ti pálọ̀ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lọ, mo dá a padà sínú iná. N kò gbọ́ orin mọ́. Mo rò pé iṣẹ́ ló gbà á lọ́kàn. Lọ́jọ́ tí mo dá ọ̀kan padà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ẹ̀mú di ìkọ́ náà mú, ó wò ó títí, ó wá ní, "Ìyàwó mi, òǹtẹ̀ yẹn náà lo tún gbé wá bá mi nílé." Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń dápàárá ni.

Ogójì pé, wọ́n jọra bí ẹyin adìẹ. Obìnrin náà yìn ín, ó san owó tó kù, ó tún san àsansílẹ̀ fún ìkọ́ mìíràn. A fi èrè rẹ̀ ra fíríìjì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, ọkọ mi gbá abà mọ́, ó fi òróró pa òòlù àti ẹ̀mú kí wọ́n má dípẹtà, ó fi tapólì bo irin rélùwéè. Láti ìgbà náà, ìdí rédíò ló ń jókòó sí. Kò bínú o. Bó bá jẹ́ pé ó bínú ni, ǹ bá mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kí ni mo ṣe? Ó ní ó kàn rẹ òun ni. Mo lọ dá owó kejì yẹn padà, mo sì sọ fún un. Ó ní, "O ṣeun."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ìṣirò mi kò ṣì: èédú, irin, èrè, gbogbo rẹ̀ pé. Ohun tí n kò kà mọ́ ọn ni pé ibi kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí ní tí kò ti ní ọ̀gá, èmi ni mo sì lọ gbé àpótí jókòó síbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dá ọgbọ́n kan. Mo ká tapólì kúrò, mo koná, mo ti irin kan bọ inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ní lè wòran kí n máa ba irin jẹ́. Ó jáde lóòótọ́. Mo ń lu irin, ọwọ́ ń ro mí, irin kò gbọ́. Ó rọra ní, "Irin yẹn ti tutù. Lásán lò ń lù ú." Ó pa fáànù, ó fà mí lọ́wọ́ wọlé.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń bọ̀ ní ìparí oṣù bí o ti wí, má bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ kankan, má sì yin ohunkóhun tó rọ. Kìlọ̀ fún baálé rẹ náà. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹ bá èédú lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ kò rí i. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà yóò ṣe.

Bá mi kí ìyá wa àgbà, kí o sì kí gbogbo ilé pátá.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan,

Oníṣirò.