Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kọ̀ Láti Pè

Màmá mi àtàtà,

Ìyá àgbà tí mò ń tọ́jú ní Kettering, l'Amẹ́ríkà níbí, kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkàn mi ò sì tíì balẹ̀ nítorí ohun tí mo pè é. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún.

Ẹ mọ bí ẹ ṣe tọ́ mi. Títí ẹ fi kú, ẹ ò pe ọmọ kankan tí ẹ bá nílé ọkọ lórúkọ. Àbúrò bàbá wa tó ṣì ń rákòrò nígbà tí wọ́n gbé yín wọlé, "Akọ̀wé mi" lẹ̀ ń pè é títí ó fi hewú. Ọjọ́ tí mo pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín lórúkọ, ẹ̀yìn ọwọ́ yín ló dá mi lóhùn.

Nítorí náà, "Mama" ni mò ń pe ìyá yìí. Kì í dáhùn. Fèrèsé ló máa ń kọjú sí. Mo rò pé àwọ̀ mi ni ò fẹ́, inú sì bí mi débi pé mo fẹ́ ní kí ọ́fíìsì tó gbà mí síṣẹ́ ìtọ́jú gbé mi lọ síbòmíràn.

Àfi ọjọ́ tí mò ń wẹ̀ ẹ́, tó ní Irena ni kí n máa pe òun. Ọmọdébìnrin ni nígbà ogun àgbáyé kejì, nígbà tí wọ́n kó o láti Póláǹdì lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn obìnrin fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àdó olóró, bí ẹni yá aládùúgbò lọ́kọ́. Ẹ̀tù ni wọ́n ń rọ sínú irin tọ̀sán-tòru, títí oró rẹ̀ fi sọ irun wọn di pupa rúsúrúsú. Nọ́ńbà tí wọ́n rán mọ́ aṣọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè láàárọ̀, nínú yìnyín. Ẹni tí wọ́n jọ ń sùn lórí pákó kan náà kú kí Irena tó mọ orúkọ onítọ̀hún. Ẹ̀rù tó ń bà á látìgbà náà nìyẹn, kí òun má lọ kú láìsí ẹni tó máa pe orúkọ òun.

Mo sunkún, mo sì ṣèlérí. Ilẹ̀ mọ́, "Mummy Irena" ló jáde lẹ́nu mi. Ó mirí. Mo gbìyànjú "Auntie." Ó kọjú sí fèrèsé. Ọmọ mi obìnrin tí mo bí síbí fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú mọ́tò: "Mummy, just call her Irena now. Orúkọ ẹ̀ ṣá nìyẹn!"

Mo wá rò ó pé bí mo bá kúnlẹ̀, ẹnu mi á gbà á. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní, "Irena, ẹ káàárọ̀." Màmá, ńṣe ló bú sẹ́kún. "Dìde! Jọ̀ọ́, dìde!" Orí òkúta ni wọ́n ti máa ń fi wọ́n sórí ìkúnlẹ̀ ní àgọ́ ìfìyàjẹni yẹn. Gbogbo ọ̀wọ̀ tí mo mọ̀ ló ń dùn ún lójú egbò. Mo dìde. Mo dúró gbọnrangandan níwájú àgbà, mo sì pe orúkọ mọ́ ọn lórí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èmi nìyẹn." Bí a ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn, ojú sì ń tì mí láràárọ̀.

Ọ̀sán ló lọ. Ọmọ rẹ̀ ṣì ń wakọ̀ bọ̀ lójú títì Beltway. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń pariwo "Irena! Irena!" bí a ṣe ń pe ẹni tó ń kú nílé wa kó lè padà. Kò padà. Ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ mì, mo sì gbà pé ó dáhùn.

Ṣé ẹ ń bínú sí mi? Mi ò sí n'Íbàdàn lọ́jọ́ tiyín, ó sì ń dùn mí. Orúkọ mi ni gbogbo àdúgbò fi ń pè yín. Orúkọ yín gan-an, ta ló ṣì rántí rẹ̀? Nígbà tí ẹ ń lọ, ta ló pè yín? Ṣé ẹ gbọ́?

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹnu rẹ̀ kò lè pè yín ní nǹkan mìíràn ju Màmá lọ.