Gbogbo Wọn Ní Ó Dára

Màámi,

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ní gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ti yẹ ìkànnì tí mo ṣe fún títa tíkẹ́ẹ̀tì wò, wọ́n ní ó dára, wọ́n sì gbàdúrà fún mi. Àmín o! Ṣùgbọ́n mò ń rí ohun tí wọ́n ń ṣe lórí rẹ̀ láti Kánádà níbí: bí wọ́n bá ti dé ibi nọ́ńbà káàdì báńkì, kíá ni wọ́n ń sá padà. Kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ mọ́ pé ọmọ yín ló ṣe é, kí wọ́n lè bú u dáadáa.

Mo ti fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ nítorí ìkànnì yìí. Yàrá tí mo kó sí kéré díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára.

Ẹ kí ará Òkè-Ìlá. Tí wọ́n bá bèèrè mi, ẹ ní nǹkan dára fún mi, bí wọ́n ṣe ní ìkànnì yẹn dára.

Ayọ̀níkẹ́ yín.