Oṣù Mẹ́ta Ni Òfin Fún Wọn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí ibi iṣẹ́ yìí ni mo ti ń jẹun.

Èmi ni mò ń mójú tó ilé kan tí àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù máa ń sá wá. Ibùsùn méjìlá la ní. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lò ju oṣù mẹ́ta lọ.

Onídìrí kan wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ara tù wọ́n níbẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ sì ń dirun fún gbogbo wa. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, èmi ni mo bá a palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ó ní, "Màmá, níbo ni kí n wá lọ?"

Mo ní kó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá mi gan-an ló ní kí n padà sílé ọkọ."

Mo bá wọn gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó tún kan ilẹ̀kùn wa. Ọkọ ti ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́, ibùsùn wa sì ti kún. Mo pe ọ̀gá wa, wọ́n ní òfin ni òfin. Ni mo bá fi ìyá àtọmọ pamọ́ sí yàrá mi.

Ọ̀gá ń bọ̀ wá yẹ ilé wò lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, téèyàn bá gba ẹnìkan lẹ́nu ẹkùn fún oṣù mẹ́ta péré, ṣé ó gbà á là?