Ojú Ewé Kẹsàn-án

Ìyàrà, Ìjùmú,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ọlọ́runfẹ́mi ọmọ mi,

Okun o. O kú iṣẹ́, o kú àtọjọ́mẹ́ta, Kérésì méjì rèé tí a ti fojú kan ọ gbẹ̀yìn. Ọlọ́run tó mú ọ dé Àbújá kò ní jẹ́ kí o sọnù síbẹ̀. Àlàáfíà ni a wà, àfi orúnkún mi tó ń dùn mí bí ọyẹ́ bá fẹ́. Igi kajú wa tanná dáadáa lọ́dún yìí. Tabitha ọmọ rẹ tí o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ló ń kọ lẹ́tà yìí bí mo ti ń sọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un kó má yọ ibi tí ẹ̀bi mi wà kúrò.

Ilé ìwé wọn ló ṣòfin pé kí gbogbo ọmọ kíláàsì Jẹ́ẹ̀sì Tuu máa ka ìwé ìtàn fún ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, kí àgbà ilé jókòó gbọ́, kó sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ọṣẹ ni mo fi ń fọ ọwọ́ kí n tó tẹ̀ka, torí bí ìjọba bá kó ìka yẹn lọ sí Lọ́kọ́ja, n kò fẹ́ kí wọ́n rí ìdọ̀tí oko lára rẹ̀. Fóònù la fi ń ka ìṣẹ́jú náà, bó bá sì dún n kì í gbé e, kí ìpè má baà jẹ nínú ogún ìṣẹ́jú ọmọ. Bí o bá pè nírọ̀lẹ́ tí o kò gbọ́ ohùn mi, má bínú.

Ibi tí mo ti ṣì í ṣe nìyí. Lójú ewé kẹsàn-án ìwé náà, ọmọkùnrin kan tó ti pẹ́ ní ìlú ńlá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nírọ̀lẹ́, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ìyá rẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́ lójúde, ó gbójú sókè, ó rí i. Mo ní kí Tabitha tún un kà. Lọ́jọ́ kejì, mo ní ibẹ̀ náà ni kó kà. Ó ní Màmá, ìwé kò tíì tán. Mo bi í pé ṣé Baba wa tí ń bẹ lọ́run tí à ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń yí padà lójoojúmọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ la lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún lójú ewé kan ṣoṣo.

L'Ọ́jọ́rú, tíṣà wọn, Mísís Naomi, ní kí kálukú dìde ka ibi tó dé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà nínú ìwé kẹta. Tabitha pa ìwé dé, ó ka ojú ewé kẹsàn-án látòkè délẹ̀ láìwò ó. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lára àwọn tí yóò lọ díje ìwé kíkà ní Kàbà. Ọmọ náà kò dárúkọ mi. Ẹnu Lois ará ẹ̀yìnkùlé, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ni mo ti gbọ́. Ó dùn mí wọra, Ọlọ́runfẹ́mi. Àárò rẹ ló ń sọ mí, ọmọ rẹ ni mo sì jẹ́ kó jìyà rẹ̀.

Mo ti lọ sọ òótọ́ fún tíṣà, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí Tabitha bá ka ìwé yìí àti òmíràn tán kí oṣù tó parí, àwọn á gbà á padà. Nírọ̀lẹ́ òní a ó ṣí ojú ewé kẹwàá. N kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kó má jẹ́ pé ọmọkùnrin inú ìwé yẹn tún padà síbi tó ti wá.

Owó ìwé kejì ni mo ń tọrọ. Má fi í sínú fóònù. Gbé báàgì kọ́ èjìká kí o mú un wá, ìrọ̀lẹ́ ni kí o dé, ojúde ni mo ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní ṣì ọ̀nà ilé, láṣẹ Olúwa.

Èmi ni ìyá rẹ, Cecilia. Ìka mi ló wà nísàlẹ̀ yìí, mo fọ ọwọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́.