Ẹní Ìrun Ìyá Yín

Bùkárì, àkọ́bí mi,

Ìyá yín kú láàárọ̀ Jímọ̀ tó kọjá, lórí ẹní ìrun rẹ̀. Ara tèmi le, mo ń jẹun. Sùfíyánù ará ọjà wa ló ń bá mi kọ èyí.

O mọ iṣẹ́ Kàfáyá àbúrò rẹ. Ó ya ilé wa àti ìṣe ìyá yín sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì sọ àwòrán náà di àṣẹ fún àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ara ògiri. Bí ìyá yín bá pẹ́ láìmira, wọ́n á pe Kàfáyá. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ tí ìyá yín bá jókòó jẹ́ẹ́ sórí ẹní ìrun tó ń ka tẹ̀súbáà ni wọ́n ń pè é, á sì sáré wá láti Harobanda lódìkejì odò.

Mo ní, "Pa ẹní ìrun rẹ́ nínú àwòrán yẹn."

Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kàn fi kún àkókò rẹ̀."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ máa wọn àdúrà ìyá ẹ?"

Ó pa á rẹ́. Ní Jímọ̀ yẹn, mo ti lọ sí ọjà ńlá Grand Marché kí ìyá yín tó ṣubú sórí ẹní. Ẹ̀rọ kankan ò pe ẹnikẹ́ni.

Gbogbo ẹni tó wá kí wa ni Kàfáyá ń sọ fún pé òun ló ya á lódì. Mo ń gbọ́, mo sì dákẹ́.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Bó o bá dé fún àdúrà ogójì ọjọ́, sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé èmi ni mo ní kó pa á rẹ́. Ẹnu mi kò gbé e. Ọwọ́ rẹ ló kù sí.