Iyẹ̀pẹ̀ Ilé fún Ṣọ́ọ̀bù Epo Lydia

Òṣíẹ̀lẹ̀, lẹ́bàá Abẹ́òkúta

Lydia Àjọkẹ́ ọmọ mi,

O kú àjò, o kú ìdáwà, o kú ariwo Èkó. Ọlọ́run tó mú ọ gun ọkọ̀ ojú omi tí o kò fi bì ni yóò máa mú ẹsẹ̀ rẹ dúró níbẹ̀. Ara gbogbo wa le. Ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, ọ̀kan jọ ìyá rẹ nígbà tí inú bá ń bí i, ṣùgbọ́n má sọ pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà rẹ dé, mo sì kà á sétí gbogbo ilé. A gbọ́ pé o fẹ́ máa ta kẹrosíìnì, epo òyìnbó tí wọ́n ń bù sí àtùpà, àti pé o kò gbọdọ̀ ta ẹ̀kán rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ìyá rẹ bi mí pé ta ni òun tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí òun ti ń ta epo pupa ní Ìtòkú. Mo ní ilẹ̀ onílẹ̀ ni Èkó, àlejò ní láti fi ara hàn. Ọ̀gá ìwé àṣẹ ní kí ṣọ́ọ̀bù rẹ jìnnà sí ilé tí a fi koríko bo. Ìyẹn yé mi, kò fẹ́ kí o bá àwọn tí kò rówó ná rìn. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu tábà níbẹ̀. Ìyẹn náà yé mi, ọmọlúàbí ni, kò fẹ́ kí ọkùnrin kankan wá máa jókòó ti ọmọ tí kò tíì lọ́kọ. Láwàlì àbúrò mi, tí ìkòkò tábà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ní òun kò dé Èkó mọ́ láé. Mo ní Èkó yóò dúpẹ́.

Èyí tó gba ọkàn mi jù ni ti àgbá iyanrìn tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà kí oṣù tuntun tó lé. O ní ọ̀gá náà ń bọ̀ wá wò ó, bí kò bá sì bá a, kò sí ìwé àṣẹ, gbogbo ohun tí o fi aṣọ rírán kó jọ á sì ṣòfò. Herbert, olùkọ́ tuntun tí ìjọ rán sí wa, onítìjú ọkùnrin, ní torí iná ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ta ní ń fi iyanrìn pa iná nílùú tí omi yí ká? Ọ̀gá yẹn fẹ́ mọ ilé tí o ti wá ni. Má bu iyanrìn etí òkun tí kò mọ bàbá rẹ. Èmi àti ìyá rẹ lọ sídìí igi obì ẹ̀yìnkùlé, níbi tí a sin olóbí rẹ sí lọ́jọ́ tí a bí ọ, a gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ kún àpò. Ìyá rẹ ló gbé e wọlé. Ó ní bó ṣe wúwo lẹ́yìn òun nìyẹn nígbà tí o wà ní ọmọ ọwọ́, ó sì sunkún díẹ̀.

Kí a tó rí ọkọ̀, Láwàlì bu epo òyìnbó díẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà rẹ sínú fìtílà epo pupa wa, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó wò ó dáadáa, ìkòkò tábà sì ń jó lẹ́nu rẹ̀. Iná fò mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀, fìtílà dànù sórí ẹní. Mo da omi sí i, iná gun orí omi bí ẹni gun ẹṣin, ó dorí kọ òrùlé. Ìyá rẹ kò ké. Ó tú àpò, ó da iyẹ̀pẹ̀ rẹ lé e, iná sì dákẹ́ bí ọmọ tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀.

Herbert, tó sáré wá nígbà tó rí èéfín, ń wò mí. Mo ní kó má wulẹ̀ wò mí, mo ti rí ìdí rẹ̀: omi kò mọ ẹni tó ni epo yẹn, iyẹ̀pẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ìwé àṣẹ yẹn gbọ́n ju bí mo ṣe rò lọ.

A ti gbẹ́ òmíràn. Ọkọ̀ ojú omi Jùbrílù ló ń gbé e bọ̀ láti èbúté Arò, oṣù kò sì ní lé bá a lọ́nà. Jọ̀wọ́, san owó ọkọ̀ fún un, ẹní tuntun ti gba tọwọ́ mi. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ pẹ̀lú, kí o sì ra abẹ fún Láwàlì, kó fá ìdajì irùngbọ̀n tó kù.

Iná ò ní jó ọ. Epo ò ní dànù mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá wá wò ọ́ yóò rí ọ bí ọmọ tó nílé. Bí iyẹ̀pẹ̀ inú àgbá yẹn bá sì dín kù, má bu ti Èkó kún un, ọmọ mi. Wálé wá bù ú.

Èmi bàbá rẹ,
Ọlálẹ́yẹ