Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Dára, Tí Yóò Ṣubú Sẹ́yìn Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Agbo Ilé Àjàyí,
Lẹ́yìn Ìsọ̀ Àwọn Aránṣọ,
Zogbeli,
Tamale.

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-Iṣẹ́ Òrí Ìmọ́lẹ̀-Òwúrọ̀,
Ọ̀nà Vittin,
Tamale.

Fún àfiyèsí Ọ̀gbẹ́ni Akínlẹ́yẹ.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ Ẹ̀KỌ́ TÍ Ẹ Ń KỌ́ ÀWỌN AṢÁÁJÚ ÒṢÌṢẸ́, ÀTI LÓRÍ ÌṢUBÚ-SẸ́YÌN TÍ ÀWỌN ARÁ ILÉ ÌYAN FẸ́ ṢE NÍ ỌJỌ́ ÀBÁMẸ́TA TÓ Ń BỌ̀

1. Èmi ni bàbá Dára Àjàyí, ọmọbìnrin tí ẹ fi ṣe aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìyan ní oṣù Keje. Páàtì alùpùpù ni mò ń tà ní Zogbeli. Kì í ṣe ìwà mi láti máa kọ̀wé sí ọ̀gá ọmọ mi, nítorí ọmọ tó ti lé ní ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n kì í ṣe ọmọ tí bàbá ń tẹ̀ lé lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀rù ló fi bírò lé mi lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ ní èdè wa nítorí pé ọmọ Yorùbá ni yín, àti nítorí pé Dára ń gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n kò lè kà á. N kò fẹ́ kí ó mọ̀ pé mo kọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lórí tábìlì yín, torí yóò dá orúkọ mi mọ̀ nísàlẹ̀.

2. Kí n tó sọ ohun tó ń dà mí láàmú, ó yẹ kí n dúpẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ fi Dára ṣe aṣáájú, a pa àgbébọ̀ nílé. Nínú àwọn ọmọ mi, òun nìkan ló ṣẹ́kù sí Tamale. Ọ̀kan wà ní Kumasi, ọ̀kan wà ní Ìlọrin, bí fóònù bá sì ti dún ní àkókò àìtọ́, àyà mi á já. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ti Dára, ó kéré tán, n kò ní bẹ̀rù. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà, àwọn tó ń bá ṣiṣẹ́ sì fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń yan èso òrí, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń se òróró rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ju ìyá rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Láràárọ̀, kí iná tó ràn, yóò yí ilé ìyan ká, yóò lóṣòó níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, yóò ní, “Mma, dasiba.” Wọn óò ní, “Naa,” wọn óò béèrè bó ṣe sùn, bí bàbá rẹ̀ ṣe jí, bí ilé ṣe wà. Ẹ mọ̀ pé Mma ni wọ́n ń pe ìyá níbí, dasiba sì ni “ẹ káàárọ̀” wọn. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀ nílé. Ìlóṣòó yẹn, ìlú ló kọ́ ọ.

3. Ní oṣù Kẹjọ, ẹ mú olùkọ́ kan wá láti Accra kí ó wá kọ́ àwọn aṣáájú tuntun ní iṣẹ́ ìdarí. Ohun tí Dára gbé bọ̀ wálé nínú ẹ̀kọ́ náà ni pé aṣáájú kì í lóṣòó níwájú àwọn tó ń darí. Pé orúkọ lásán ni kí gbogbo ènìyàn máa pe ara wọn, kò sí Mma, kò sí ẹ̀gbọ́n, nítorí gbogbo wọn dọ́gba. Àti pé ìkíni òwúrọ̀ ń jẹ àkókò iṣẹ́, kí wọ́n fi ìpàdé kúkúrú lórí ìdúró rọ́pò rẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ fọwọ́ sí i, tí ẹ ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Dára jẹ́ ọmọ tí í jẹ́ iṣẹ́ gẹ́lẹ́ bí wọ́n bá ṣe rán an.

4. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dúró ṣánṣán níwájú àgbà gbogbo wọn nínú ilé ìyan, ó pè é ní Ayishetu, láìfi Mma ṣáájú. Wọ́n ní ìyá náà kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wò, bóyá Ayishetu mìíràn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọkọ mi tó ti kú nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣé ìwọ náà fẹ́ fẹ́ mi ni? Owó orí mi wọ́n o!” Ilé ìyan rẹ́rìn-ín, Dára náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ó sọ fún mi nílé lọ́jọ́ náà, tí mo sì bá a rín in. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó tún pè é bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó rín in mọ́.

5. Láti ìgbà náà, ohun tí ó bá ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ń ṣe. Wọn kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀. Ẹ sọ níbi ìpàdé àwọn aṣáájú pé ilé ìyan ló ń tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jù báyìí, pé kí àwọn yòókù wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ Dára. Òótọ́ ni, Ọ̀gá. Ilé tí ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni, wọ́n máa ń tètè jáde níbẹ̀.

6. Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, Dára tiro wọlé. Ó ní tíì ló dà sí òun ní gìgísẹ̀. Mo ní tíì wo? Ọmọ tí kì í mu tíì! Ó kọjá lọ sínú yàrá. Anwar, ọ̀dọ́kùnrin tó ń kó ẹrù sọ́kọ̀ ní ilé-iṣẹ́ yín, ló wá ra ṣéènì alùpùpù lọ́dọ̀ mi, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ òótọ́.

Ó ní àwọn tó bá gbé òróró gbígbóná kúrò lórí iná máa ń ké “Hanya!”, èyí tí í ṣe “ẹ yà lọ́nà” ní èdè Haúsá, gbogbo ẹni tó bá sì rí wọn á bá wọn ké e. Lọ́jọ́ náà, àwọn méjì gbé ìkòkò òróró gba ẹ̀yìn Dára kọjá níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń wo asẹ́. Wọn kò ké. Kò sí ẹni tó bá wọn ké. Dára fi ẹ̀yìn rìn, ara rẹ̀ kan ìkòkò, òróró ta sí i lẹ́sẹ̀. Díẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ pé ìkòkò náà dojú dé ni, lẹ́tà mìíràn ni ǹ bá máa kọ sí yín.

Mo bi Anwar pé ṣé wọ́n fẹ́ jó ọmọ mi ni. Ó ní, “Rárá o, Bàbá! Ta ló fẹ́ jó Dára? Gbogbo wa la rí i. Tẹ́lẹ̀, ìyá mẹ́ta ni ìbá ti ké lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ yẹn, oníkálukú ń wo ẹnu ẹnìkejì.”

7. Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yìí ni kò jẹ́ kí n jẹun dáadáa mọ́. N kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọmọ mi níbi, mo lè sọ fún ọmọ mi pé kó sá fún un. Kí ni kí n sọ fún un nípa ẹni tí kò fẹ́ ṣe é níbi, tó kàn dákẹ́? Alùpùpù tí búréèkì rẹ̀ ń han, olówó rẹ̀ á tètè gbé e wá sí ìsọ̀ mi. Èyí tí kò han mọ́ ló ń gbé ènìyàn wọ kòtò.

8. Lórí èyí ni Dára tún wá sọ fún mi, níbi tí a ti ń jẹun, pé olùkọ́ yín ń padà bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àti pé aṣáájú kọ̀ọ̀kan yóò gun orí pákó tí wọ́n tò jọ ní pápá ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́. Wọn óò di í lójú, yóò ká ọwọ́ lé àyà, yóò kọ ẹ̀yìn sí àwọn tó ń darí, yóò sì ṣubú sẹ́yìn kí wọ́n gbé e. Mo bi í bí pákó náà ṣe ga tó. Ó na ọwọ́ sókè kọjá orí ara rẹ̀. Ó ní ẹ sọ pé aṣáájú tí kò bá lè ṣubú sí ọwọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tíì di aṣáájú. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n òkèlè kan náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi dìde.

9. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé obì goro, mo lọ sí ilé Mma Ayishetu. Bí a ti í bẹ ẹni tí ọmọ ẹni ṣẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Obìnrin náà ké, ó bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí tó jókòó lé, ó lóṣòó níwájú mi kí orí rẹ̀ má baà ga ju tèmi lọ. Báyìí la wà, èmi lórí ikùn, òun lórí ìlóṣòó, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde nínú àwa méjèèjì.

Ó gba goro mi, ó pín in, ó fún mi ní awẹ́ kan. Ó ní, “Bàbá Dára, a ò bínú. Ọmọ yín ló ní ká má ṣe ìyá òun mọ́. A sì gbà fún un.” Mo ní ti ọjọ́ Àbámẹ́ta ńkọ́? Ó ní, “Wọ́n ní ká na ọwọ́. A ó na ọwọ́.” Mo ní ṣé ẹ ó gbé e? Ó tún ní, “A ó na ọwọ́.” Mo bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń wo goro ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ló pè mí padà. Ó ní, “Ẹ má lọ nà án o. Bó bá lóṣòó fún mi lọ́la, wọ́n á ní kò gbọ́ ẹ̀kọ́, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i lẹ́nu, òun ni kó wá mú un kúrò.”

10. Ẹ̀yin ni ẹni náà, Ọ̀gá. Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín, tí n kò kọ ọ́ sí olùkọ́ Accra.

11. N kò lòdì sí ẹ̀kọ́ ìdarí. Mo fẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe nígbà ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá ní ilé Alàgbà Àbúdúlláhì ní Choggu, lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìsìnkú ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà lórí sìmẹ́ńtì, tẹ̀yin ti ẹ̀wù kóòtù. Lẹ́yìn náà ẹ dìde, ẹ darí wa títí ọ̀rọ̀ náà fi yanjú. Eruku wà láyà kóòtù yín títí ìpàdé fi parí, ẹ kò gbọ̀n ọ́n nù. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ràn sí yín lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Kí ló dé tí ohun tó mú kí àwa gbọ́ tiyín fi di èèwọ̀ fún Dára?

12. Nítorí náà mo bẹ̀ yín, kí ẹ sún ìṣubú-sẹ́yìn yìí síwájú, ó kéré tán fún àwọn ará ilé ìyan. Mo tún bẹ̀ yín kí ẹ wọ ilé ìyan fúnra yín ní àárọ̀ ọjọ́ kan kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ẹ sọ fún àwọn ìyá náà, níṣojú Dára, pé ẹ ti gba òfin yẹn padà, pé ó lè lóṣòó, ó lè pè wọ́n ní Mma, yóò sì tún jẹ́ aṣáájú wọn. Ẹ sọ ọ́ ní Haúsá kí ó lè yé gbogbo wọn. Kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n bá tún ti ń ké “Hanya!” nígbà tí wọ́n bá rí i lọ́nà, ẹ lè ní kó gun pákó yín, n kò ní sọ ohunkóhun.

13. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé kò ṣeé dá dúró mọ́, pé ọjọ́ Àbámẹ́ta náà ni dandan, nígbà náà ohun kan péré ni mo ń tọrọ. Ẹ sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kí wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Wọn óò ti di Dára lójú, kò ní mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Apá mi kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́. Ẹ jẹ́ kí n dúró láàárín àwọn ìyá náà, kí èmi náà na ọwọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín, nínú ẹ̀rù àti ìrètí,

Ṣítù Àjàyí,
Bàbá Dára ti ilé ìyan.